Èémí ìdúró: èsì mi lórí orúkọ tí ó yẹ ẹ́ńjìnì tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ kò rìn

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, nígbà tí a bá ti ṣíná sí ọkọ̀, tí gíá wà ní fíríì, tí awakọ̀ kò sì tẹná rárá, kí ni kí á máa pe iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń ṣe ní àkókò náà? Ẹ̀gbọ́n tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dábàá "ìṣọ̀lẹ ẹ́ńjìnì", nítorí pé idle tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un ni wọ́n tún ń lò fún ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹnì kejì ní kí á gba "sìlóò" tí àwọn mẹkáníìkì ń pè wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta ní "ìmí ìdúró". Tẹni kẹta yìí ni mo bá lọ, ṣùgbọ́n mo ní àtúnṣe kan sí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, ní ọ̀nà Badagry, ní ọdún 1975. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà. Sílíńdà mẹ́rin ni ó ní, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Kò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi. Fáànù tí béélìtì ń yí ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Bí ó bá dúró sójú kan, ó yẹ kí ó máa yí ní nǹkan bí ìgbà 850 sí 900 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ó jẹ́ pé iná ń ṣẹ́ nínú sílíńdà méjì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán iná ti ṣẹ́ ní ìgbà 1,700 kí ìṣẹ́jú kan tó pé, fáànù sì ń fẹ́ ní gbogbo àkókò náà. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ báyìí ni ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ kí á pè ní ọ̀lẹ. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ wò, ẹ kò wo ẹ̀rọ.

Àwọn ará Jámánì tí ó ṣe ọkọ̀ náà kò wo ọ̀lẹ kankan. Leerlauf ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìsáré lófìfo, nítorí pé ẹ́ńjìnì ń sáré láìgbé ẹrù kankan. Àwọn Faransé ń pè é ní ralenti, èyí tí a dín eré rẹ̀ kù. Ní Bùràsíìlì, níbi tí Ìjàpá ti ń jẹ́ Fusca, marcha lenta ni, ìrìn jẹ́jẹ́. Oníkálukú fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kò sì sí ìdí tí àwa fi ní láti yá ojú Gẹ̀ẹ́sì lò. Àwọn tí ó sọ ọ̀kadà ní alùpùpù, ìró rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Àwọn tí ó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ohun tí ó ń ṣe ni wọ́n rí.

Ohun tí etí Yorùbá ń gbọ́ nínú ẹ́ńjìnì tí ó dúró ni mímí. Kì í sì í ṣe àfiwé lásán: ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń tú èéfín jáde. Àtúnṣe mi ni pé kí á lo "èémí ìdúró" dípò "ìmí ìdúró". Gbogbo wa mọ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i. Bí àmì bá ti bọ́ lórí "ìmí", kò sí ohun tí yóò sọ fún òǹkàwé pé kì í ṣe ìgbẹ́ ni a ń sọ. "Èémí" kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni orúkọ àìsàn rẹ̀, nítorí pé mo ti jìyà ọ̀rọ̀ tí kò ṣe pàtó. Mo wà lẹ́yìn odi nígbà tí àbúrò mi, tí ó ń bá mi tọ́jú Ìjàpá tí bàbá wa fi sílẹ̀, kọ̀wé sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnì ń mísì," ìyẹn ni pé iná ń tàsé nínú sílíńdà kan. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó ń ṣáná sínú sílíńdà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, irin kékeré tí ó ń ṣí tí ó ń pa kí iná lè dé pílọ́ọ̀gì, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Owó lọ, àìsàn kò lọ. Nígbà tí mo délé, tí mo lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀ tí mo tẹ́tí sí i, n kò gbọ́ ìmísì kankan: ẹ́ńjìnì ń sáré sókè, ó ń wálẹ̀, ó tún ń sáré sókè. Mo fi ọwọ́ wá abẹ́ rọ́bà tí ó so páìpù kabúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́) mọ́ orí sílíńdà, mo sì kan ibi tí ó ti ya, ojú ihò náà kò ju èékánná lọ. Mo fi àtàǹpàkò dí i, ẹ́ńjìnì sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Afẹ́fẹ́ tí kò gba inú kabúrétọ̀ kọjá ni ó ń wọlé tí ó ń fọ́n epo ká.

Nítorí náà, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí á má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo àìsàn èémí ìdúró mọ́lẹ̀. Èyí tí ó ń sáré sókè sódò, kí á pè é ní "èémí ségesège". Ọwọ́ yóò kọ́kọ́ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé. Èyí tí sílíńdà kan kò ti ṣẹ́ná, tí ìró rẹ̀ ń tàsé ní ìwọ̀n kan náà, kí á pè é ní "èémí fífò". Níbẹ̀ ni a ti ń wo pílọ́ọ̀gì, àlàfo kọ́ńtáàtì tí ó yẹ kí ó jẹ́ mílímítà 0.4, àti àlàfo tàpẹ́ẹ̀tì (irin tí ó ń ṣí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti ti èéfín), mílímítà 0.15, tí a kì í wọ̀n àfi bí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá. Èyí tí ó ń kú ní kété tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, "kíkú" tí àwọn awakọ̀ ń pè é ti tó. Ihò epo kékeré inú kabúrétọ̀ ni ó sábà máa ń dí.

Kabúrétọ̀ ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti di ti wa. Bákan náà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi agbára gba "sìlóò" lẹ́nu mẹkáníìkì. Inú ìwé ni mo ń wá ọ̀rọ̀ fún. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ìwé ìtọ́jú Ìjàpá, báyìí ni n óò ṣe kọ ọ́: "Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa kí o tó tún èémí ìdúró rẹ̀ ṣe. Bí èémí náà bá jẹ́ ségesège, má ṣe fọwọ́ kan ìdè (sìkúrù) kabúrétọ̀ títí tí ìwọ yóò fi yẹ àwọn rọ́bà wò."