Ilé bàbá wa ní Ìtòkú: wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di fúláàtì

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Láti ìpàdé mọ́lẹ́bí ọjọ́ Sátidé ni mi ò ti sùn dáadáa. Ilé amọ̀ ni ilé wa, yàrá 12, mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín. Àwọn òṣìṣẹ́ réluwéè Láfẹnwá ló kọ́kọ́ háyà ibẹ̀ lọ́wọ́ bàbá bàbá mi, àwọn alápatà àti aláàárù ló tẹ̀ lé wọn. Ẹnìkan wá láti Èkó, ó ní òun á fi owó ara òun sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fúláàtì 6, kí òun máa gba owó ilé fún ọdún 15 kó tó dá a padà. Olórí ẹbí ti fẹ́ẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Èmi ò takò ó o, ṣaláńgá ẹ̀yìnkùlé yẹn ò ṣeé mú àlejò lọ. Ṣùgbọ́n ìyá aláàdìrẹ kan wà ní yàrá kẹjọ, ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, ìkòkò aró rẹ̀ mẹ́ta ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ nípàdé. Kí ló yẹ ká bèèrè?

Bíríkìlà Àgbà: Ògiri amọ̀ kì í ru dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ òkè tí wọ́n fi káńkéré dà! Àfi kó ri òpó káńkéré láti ìpìlẹ̀. Ìyẹn ni pé wíwó ló fẹ́ wó ilé yín, kó yáa sọ bẹ́ẹ̀. Níbo sì ni sọ́kàwéè, ihò tó ń fa omi ìdọ̀tí mu, fún fúláàtì 6 máa wọ̀? Mo gbẹ́ ọ̀kan nítòsí Olúmọ rí: a ò tíì gbẹ́ dé ìbàdí tá a fi kan àpáta. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi lu òkúta.

Ìyá Ẹlẹ́lùú: Ẹ ní kó fi igun kan sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé fún aláró, kó wà nínú ìwé. Ta ló ń sá àdìrẹ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Ọmọ Kémta: Olórí ẹbí ò lè dá ilé mọ́lẹ́bí tà. Tó bá ṣe é láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, kọ́ọ̀tù lè fagi lé e. Kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, yan ẹnìkan tó máa tọwọ́ bọ̀wé. Bàbá tó kọ́lé ńkọ́, ṣé inú ilé kọ́ ni wọ́n sin ín sí?

Ọmọ Ìtòkú: Yéè! Yàrá kejì lọ́wọ́ ọ̀tún ni sàréè wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pílánù ará Èkó yẹn wò ni, ibẹ̀ gan-an ló ya kíṣìnì sí. Mò ń gbé e lọ bá olórí ẹbí báyìí.