Kí páìpù má dì, kí ògiri má làágùn: sísun inú tírélà nígbà òtútù

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ kan la fẹ́ fi sun inú tírélà (ilé alágbèéká tí ọkọ̀ ń fà) níbi tí òtútù ti ń dé -10°C lóru. Iná àti ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀. Kí la ó ṣe kí páìpù má dì? Ògiri sì ń làágùn tí a bá tan hítà. Ṣé ká dí gbogbo ojú afẹ́fẹ́ ni?

Ìdáhùn 1
Róbà omi tó wà níta ló ń kọ́kọ́ dì. Ẹ má fi í sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ mọ́jú. Ẹ fi pọn omi kún táǹkì inú, ẹ tú u, ẹ ro omi inú rẹ̀ dànù, kí ẹ wá máa fi pọ́ǹpù tírélà lo omi. Omi tó bá dì ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ojú ìsopọ̀ páìpù ló sì ń fara gbá a. Tí ẹ bá wé wáyà tí ń móoru mọ́ páìpù, ẹ má jẹ́ kó gun ara rẹ̀ o, ó lè jóná.

Ẹ ti fáàfù omi ìdọ̀tí pa títí táǹkì rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ẹ tó dà á nù lẹ́ẹ̀kan. Tó bá wà ní ṣíṣí, èyí tó ń kán díẹ̀díẹ̀ á máa dì léra nínú róbà títí á fi dí.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún hítà oníná. Tó bá ti mú yàrá gbóná, hítà gáàsì kò ní tan mọ́, bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ tírélà, òun ló ń fẹ́ ooru sí abẹ́ ilẹ̀ níbi tí táǹkì wà. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì sílẹ̀ lóru. Antifreeze (oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì) tẹ́ ẹ máa dà sí táǹkì ìdọ̀tí, propylene glycol ni kó jẹ́. Májèlé ni ethylene glycol.

Ìdáhùn 3
Ẹ má dí ojú afẹ́fẹ́ rárá! Èémí, ìkòkò tó ń hó, aṣọ tútù, inú ilé ni gbogbo omi wọn ń dà sí. Hítà gáàsì tí kò ní páìpù èéfín tún burú jù: kílò gáàsì propane kan tó bá jó ń mú omi tó ju kílò kan àtààbọ̀ jáde, ká má tíì sọ carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ ṣí ihò òrùlé ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹ ṣí fèrèsé kan díẹ̀. Láràárọ̀, ẹ gbé fọ́ọ̀mù nàró. Abẹ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ hu.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Butane ni gáàsì tó wà nílẹ̀, ṣé ó máa ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn 3
Rárá o. Tí òtútù bá ti dé 0°C, inú sìlíńdà ni butane ń jókòó sí bí omi, kò ní jáde. Propane ń jáde títí dé nǹkan bí -42°C. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra.