Irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà kí n lè máa tún Corolla ṣe fúnra mi?

Ọmọ Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Corolla 2005 ni mọ́tò, ẹ́ńjìnnì 1ZZ, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Ọ́ìlì, plọ́ọ̀gì, bátìrì àti bréèkì páàdì iwájú ni mo fẹ́ máa fọwọ́ ara mi pààrọ̀. Wọ́n ń fi àpótí irinṣẹ́ kan lọ̀ mí, nǹkan inú rẹ̀ lé ní 150. Ṣé kí n gbé e, àbí kí n ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan?

Sípánà Ṣágámù: Ẹ má gbé e. Ẹ tú àpótí yẹn wò: ẹnu súkùrù díráfà kéékèèké àti sọ́kẹ́ẹ̀tì oní-ínṣì ló máa ń kún inú wọn, mílímítà sì ni bóòtù Toyota. Ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì 8, 10, 12, 14, 17, 19 àti 21, pẹ̀lú ràṣẹ́ẹ̀tì kan (ọwọ́ tá a fi ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì) àti ọ̀pá àfikún gígùn kan.

10 ló ń tú tẹ́mínà bátìrì àti kọ́ìlì orí plọ́ọ̀gì. 14 ló ń tú bóòtù tí ọ́ìlì ń gbà jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń tú bóòtù kálípà, irin tó ń fún bréèkì páàdì mọ́ díìsì. 21 ni ti nọ́ọ̀tì táyà. Ẹ ra 10 ní méjì, inú ẹ́ńjìnnì máa ń gbé e mì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yẹ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Onígun mẹ́fà ni kẹ́ ẹ mú. Onígun méjìlá, etí igun bóòtù nìkan ló ń dì mú. Tí bóòtù bá ti dípẹtà, igun rẹ̀ á jẹ, orí rẹ̀ á di róbótó, ẹni tó máa fi ṣísẹ́ẹ̀lì tú u lẹ máa wá lọ.

Plọ́ọ̀gì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀: 16, èyí tó gùn, tó ní rọ́bà nínú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ lásán yí plọ́ọ̀gì tuntun wọlé ná. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn. Plọ́ọ̀gì tó bá wọ̀ ní wíwọ́ á ba ojú ihò rẹ̀ jẹ́.

Ìyá Oníjáàkì: Ẹ ò tíì dárúkọ èyí tó ń pààyàn. Jáàkì tó bá mọ́tò wá, táyà nìkan la fi ń pààrọ̀. Ẹ ra ìdúró onírin méjì tó lè gbé tọ́ọ̀nù 2 tàbí 3, ẹ fi gbé mọ́tò dúró kí ẹnikẹ́ni tó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi igi dí táyà ẹ̀yìn. Jáàkì olóìlì máa ń jò, á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ò ní kìlọ̀ kó tó fọ́. Owó ìdúró yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kàn.

Ọmọ Òde: Ẹ ṣeun, mà. Ṣé tòkunbọ̀ irinṣẹ́ dáa? Torque wrench ńkọ́?

Bàbá Gàréèjì: Tòkunbọ̀ tó dáa sàn ju tuntun tó fẹ́lẹ́ lọ, bó o bá mọ̀ ọ́n wò. Ẹnu sípánà ò gbọ́dọ̀ ti là. Ràṣẹ́ẹ̀tì, di orí rẹ̀ mú gírígírí, yí ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn: bó bá ń yọ̀, fi sílẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ ló máa fi gbá irin.

Ra torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tá a fi ń di bóòtù; Nm ni wọ́n fi ń ka agbára náà. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla yẹn, 103 Nm ni. Bóòtù ọ́ìlì, 37 Nm. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó tóbi, láti 40 Nm ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kò wúlò fún bóòtù ọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì.

Ti bréèkì, kíláǹpù kan tó láti fi ti písítìnnì padà. Ṣí ìdérí ọ́ìlì bréèkì ná. Fi wáyà so kálípà kọ́, má jẹ́ kó fi rọ́bà tí ọ́ìlì bréèkì ń gbà rọ̀. Bó o bá parí, tẹ bréèkì títí á fi le kí o tó gbé mọ́tò kúrò.

Sípánà Ṣágámù: Bátìrì, tẹ́mínà òdì ni ká kọ́kọ́ tú, òun náà la máa so kẹ́yìn. Bí sípánà bá kan ara mọ́tò nígbà tẹ́ ẹ ń tú èyí tó ní àmì +, á ṣáná.

Ọmọ Òde: Ọ́ìlì tó bá jáde ńkọ́, níbo ni kí n dà á sí?

Ìyá Oníjáàkì: Kì í ṣe gọ́tà o. Ẹ ra báfù pẹlẹbẹ tó lè gba lítà 5, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù máa ń wá kọndẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì tá a ti lò, wọ́n fi ń pa mọ́ọ̀dù wọn. Ti tuntun, ẹ wo ìwé mọ́tò fún iye lítà tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fítà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má kàn da gálọ́ọ̀nù lítà 4 tán sí i.