Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: púlọ́ọ̀gì wo ló yẹ RX-7 àtijọ́?

Ọmọ Lísàbí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mazda RX-7 ọdún 1988 ni mo ń wà ní Ìbarà, l'Ábẹ́òkúta níbí, ẹ́ńjìnnì 13B. Kì í tètè sítáàtì láàárọ̀. Mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì, ó ní wọ́n dúdú, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì, kí n jẹ́ kí òun tú u palẹ̀. Ó tún fẹ́ fi púlọ́ọ̀gì Corolla sí i. Èwo ni kí n rà? Báwo ni mo ṣe máa fojú ara mi mọ ohun tó ń ṣe é?

Bàbá Ríwáyà: Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó fi ti Corolla sí i. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní písítìn, rótọ̀ onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, etí rótọ̀ náà sì ń gba iwájú ihò púlọ́ọ̀gì kọjá. Èyí tí imú rẹ̀ bá gùn jù á gbá síìlì etí rótọ̀ (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí etí rẹ̀ pa), ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. NGK BUR7EQ méjì ni kó o rà fún ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ L sí, àti BUR9EQ méjì fún òkè, níbi T. Ti NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni púlọ́ọ̀gì ń tutù sí i, ìyẹn ni pé ó ń tètè lé ooru kúrò lára. Nọ́ńbà ara púlọ́ọ̀gì gan-an ni kó o wò, má wo ti páálí.

Ọ̀rọ̀ jíjẹ ọ́ìlì yẹn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Páǹpù kékeré kan wà tó ń fi ọ́ìlì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí síìlì má bàa gbẹ.

Ẹ̀gbá Onírótọ̀: Má yọ púlọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tó ń kùn, kò ní sọ òótọ́. Gbé e gba ọ̀nà Ṣágámù, wà á dé Kóbapẹ́, pa á, kó o jẹ́ kó tutù. Alumíníọ̀mù ni ilé rótọ̀, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tètè ń bó. Kọ L1, T1, L2, T2 sórí páálí (1 ni rótọ̀ iwájú, 2 ni ti ẹ̀yìn), kó o to púlọ́ọ̀gì lé e bó o ṣe ń yọ wọ́n. Tó o bá dà wọ́n pọ̀, o ò ní rí nǹkan kan kà mọ́.

Wo tánganran tó yí irin àárín ká. Bó bá ní àwọ̀ tíì oní-mílíìkì, ó dáa. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ní èédú gbígbẹ, epo ti pọ̀ jù tàbí iná kò lágbára. Bó bá jẹ́ T méjèèjì nìkan, kọ́ìlì T ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ L1 àti T1 nìkan ló rin, rótọ̀ iwájú ni kí wọ́n wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni tánganran tó funfun báláú, tí èérún irin tó ń dán wà lára rẹ̀: ooru ti pọ̀ jù, má wa ọkọ̀ yẹn mọ́ títí wọ́n á fi rí ìdí rẹ̀.

Ọmọ Lísàbí: Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbarà sí Kútọ̀ ni mo máa ń wà á, kì í tíì gbóná tí mo fi ń pa á.

Bàbá Ríwáyà: Ohun tó ń dà ọ́ láàmú gan-an nìyẹn! Epo ń rin púlọ́ọ̀gì, ó sì ń fọ ọ́ìlì kúrò lára síìlì, kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn á wá lọ sílẹ̀. Jẹ́ kó gbóná kó o tó pa á. Bó bá kọ̀ láàárọ̀, yọ púlọ́ọ̀gì àti fíúsì ẹ̀rọ epo, yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ kí epo tú síta, nu púlọ́ọ̀gì gbẹ, kó o fọwọ́ dè é kó tó kan sípánà.