Orúkọ ẹlòmíràn ló wà nínú ìwé ọkọ̀ tí a fẹ́ fi rin ìrìn àjò ìkówójọ. Kí ni ká ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ bá àwọn awakọ̀ mìíràn la orílẹ̀-èdè mélòó kan kọjá, ká lè kó owó jọ fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ. Àrùn yìí ló pa màmá mi, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ mí lógún gan-an. Àwọn èèyàn ti ń dáwó, a sì ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé.

Carnet de passages ló kù, ìwé tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ wọ ìlú onílùú fúngbà díẹ̀ láìsan owó ibodè. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ló ni ọkọ̀, kò sì ní bá wa lọ. Ẹgbẹ́ onímọ́tò tó ń fúnni ní carnet, tí mo pè, ní ká kọ́kọ́ yí orúkọ inú ìwé ọkọ̀ padà. Awakọ̀ kan tó ti rin irú ìrìn yìí rí ní lẹ́tà àṣẹ tí agbẹjọ́rò fọwọ́ sí ti tó. Mo ka òfin ẹgbẹ́ náà títí, kò là mí lójú. Owó ìdógò tún wà níbẹ̀, n kò sì ní fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó ìtọrẹ láti fi san án.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kọjá ẹnubodè rí: orúkọ ta ni ẹ fi gba carnet, ṣé ti ẹni tó ni ọkọ̀ ni àbí ti awakọ̀? Ṣé àwọn aṣọ́bodè sì gba lẹ́tà àṣẹ yẹn lọ́wọ́ yín?