Irú ohun èlò wo ló lè ran aláìsàn kíndìnrín lọ́wọ́ láti tọ́jú ara rẹ̀ nílé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ́ nípa ṣíṣe ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Àjàṣẹ́, mo sì fẹ́ fi iṣẹ́ àṣekágbá mi ṣe ohun èlò fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Fífọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn sábà máa ń gba wákàtí 4, ìgbà 3 lọ́sẹ̀, ẹni tó sì ní láti ti Kétu lọ sí Kùtọnu fún un yóò lo gbogbo ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ni mo ní lọ́kàn. Kí ni ẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Kétu: Kí ẹ tó ya àwòrán ẹ̀rọ, ẹ ro ti omi. Fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè gba nǹkan bí lítà 120 omi, kì í sì í ṣe omi kànga, bí kò ṣe èyí tí a ti sẹ́ títí tí kẹ́míkà àti kòkòrò fi kúrò nínú rẹ̀. Ilé mélòó ló lè ṣe é? Ọ̀nà kejì ni fífi awọ inú ikùn fọ ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ láìdáwọ́dúró, èyí tí Popovich, onímọ̀ ẹ̀rọ, àti Moncrief, dókítà, kọ́kọ́ ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà ní 1976. A ó da nǹkan bí lítà 2 oògùn olómi sínú ikùn, yóò wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, a ó sì tú u jáde, nǹkan bí ìgbà 4 lójúmọ́. Àpò tí a fi kọ́ sókè ló ń ṣàn wọlé, èyí tó wà nílẹ̀ ló ń gba èyí tó ń jáde, nítorí náà bí iná bá lọ, kò dí i lọ́wọ́.

Ewu ibẹ̀ ni kí ọwọ́ kan ẹnu rọ́bà tí oògùn ń gbà wọlé, kí kòkòrò sì wọ ikùn. Bí omi tó jáde bá rú, tí kò mọ́ gaara, ọ̀ràn ti dé. Wọ́n máa ń ní kí aláìsàn gbé àpò náà lé orí ìwé tí a tẹ̀. Bí kò bá lè rí lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ kà, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ̀wé ńkọ́? Àwo tí a fa ìlà dúdú, èyí tó nípọn àti èyí tó tín-ín-rín, sí nídìí yóò ṣiṣẹ́ yẹn fún gbogbo ènìyàn. Èyí ni èmi ìbá ṣe.

Ará Ṣábẹ̀: Ìyàwó mi ni aláìsàn, omi tó ń ṣẹ́kù sínú ara rẹ̀ ló sì ń dà wá láàmú jù. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà òṣùwọ̀n tí aláìsàn ń gùn ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ó fi èdè wa sọ pé, “Ẹ ti fi kílò kan lé sí ti àná, ẹ dín iyọ̀ kù,” kí ó má sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ìkìlọ̀ rẹ̀ má sì ní ohùn kan ṣoṣo, nítorí ẹni tí ẹ̀rọ ń han lé lórí lálaalẹ́ yóò pa ẹ̀rọ náà ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí aláìsàn lè yí ìtọ́jú padà fúnra rẹ̀, àbí dókítà nìkan?

Nọ́ọ̀sì Kétu: Kí dókítà pààlà, kí aláìsàn yàn láàárín rẹ̀. Ṣúgà inú oògùn olómi ló sábà ń ya àwọn àpò sọ́tọ̀: ìdá 1.5, 2.5 tàbí 4.25 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí tirẹ̀ pọ̀ jù ló sì ń fa omi jáde jù. Kí òṣùwọ̀n dárúkọ àpò tó yẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń béèrè èyí tó le jù lọ léraléra, kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n pe ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń ṣe àpò sábà máa ń fi àwọ̀ yà wọ́n. Àwọ̀ yẹn gan-an ni kí iná orí òṣùwọ̀n yín máa tàn.