Ẹ̀rù tó bà mí nínú Subnautica kò bà mí nínú Below Zero: ṣé èmi ni, àbí géèmù náà?

Òmùwẹ̀ Òru béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Oṣù tó kọjá ni mo parí Subnautica àkọ́kọ́, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbá a yóò rántí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ òfuurufú ńlá Aurora já sórí pílánẹ́ẹ̀tì 4546B, ìwọ nìkan sì bá ara rẹ nínú ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà kékeré kan tó ń léfòó lójú agbami, láìní ìbọn, láìní àwòrán ilẹ̀ tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, tí èémí tí o lè dì mú lábẹ́ omi kò sì ju ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ. Ní alẹ́ kan mo wa Seamoth, ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré mi, lọ sí ẹ̀yìn Aurora láti ṣa àfọ́kù irin. Omi ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì rú, mo sì ti gbọ́ igbe Reaper Leviathan, ọ̀kan nínú àwọn ẹranko òkun gìrìwò inú géèmù náà, kí n tó rí i rárá. Orí mi wú. Mo pa iná ọkọ̀ náà, mo dúró jẹ́ẹ́, mi ò sì mọ ìhà tí ẹranko náà wà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ìhà tí mo lè sá gbà.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo bọ́ sínú Below Zero tó tẹ̀lé e láìsinmi, mo sì ti lo nǹkan bíi wákàtí 15 nínú rẹ̀ báyìí. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú yìnyín wọlé láti òkè máa ń mú kí n dúró wò fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n àyà mi kò tíì já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ nínú omi náà bí ẹni tó ń rìn nínú àgbàlá ara rẹ̀, ó sì dùn mí gan-an, nítorí pé tìtorí ẹ̀rù yẹn ni mo ṣe rà á.

Ṣé ara mi ló ti mọ́ ọn ni, àbí àwọn tó ṣe é ló yọ ẹ̀rù náà kúrò? Ṣé kí n tẹ̀síwájú? Ọ̀rọ̀ kan tún kù: Seatruck, ọkọ̀ abẹ́ omi mi, ti di ìgbín. Mo so yàrá mẹ́rin mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì wá ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ìparí ìtàn náà fún mi.

Ìjìnlẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ti Seatruck, torí òun ló rọrùn jù. Gbogbo yàrá tí ẹ bá so mọ́ ọn ló ń fa iyára rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ wá àtúnṣe ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Horsepower, ó máa ń dín ìwúwo yẹn kù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ má máa fa gbogbo ilé yín kiri: bí ẹ bá dé ẹnu ihò kan, ẹ tú àwọn yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ fi orí ọkọ̀ nìkan wọlé, kí ẹ sì padà wá so wọ́n pọ̀ nígbà tí ẹ bá jáde. Orí ọkọ̀ náà nìkan yára púpọ̀.

Ní ti ẹ̀rù, ohun tí mo rò ni pé ìrísí òkun náà ló fà á. Òkun inú géèmù àkọ́kọ́ wà lórí ẹnu òkè ayọnáyèéfín kan, bí ẹ bá sì kọjá etí rẹ̀, ilẹ̀ a já mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ óò wà lókè òfìfo tí kò nísàlẹ̀, níbi tí àwọn Ghost Leviathan ti ń wá lé ẹni tó bá ṣìnà dé ibẹ̀. Kódà ní àárín, àwọn ibì kan wà bíi Dunes tó jẹ́ iyanrìn lásán, tí kò sí àpáta tí èèyàn lè sá sí. Ohùn kọ̀ǹpútà tí ẹ gbé lọ́wọ́ yóò sọ fún yín níbẹ̀ pé òun rí ju Leviathan kan lọ, yóò sì bi yín bóyá ohun tí ẹ ń wá tó èyí tí èèyàn ń fi ẹ̀mí wéwu fún. Nínú Below Zero, yìnyín àti erékùṣù ti gé omi sí wẹ́wẹ́. Ibi yòówù kí ẹ yíjú sí, ògiri kan wà nítòsí. Ẹni tó bá ní ògiri lẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ a máa balẹ̀.

Jíjìn rẹ̀ náà dínkù. Nínú ti àkọ́kọ́, bí ẹ bá tún ọkọ̀ Cyclops àti Prawn ṣe dé òpin, wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ dé 1,700 mítà. Seatruck bẹ̀rẹ̀ láti 150 mítà, òpin rẹ̀ sì ni 1,000. Lójú ayé, mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú òkun ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ayé odindi kan kún ohun tó ń tẹ ara rẹ̀, nítorí náà 1,700 mítà ju ìlọ́po 170 lọ. Géèmù náà kò kọ́ èyí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ kí ẹ gbọ́ bí irin ọkọ̀ ṣe ń kérora, ẹ sì ti mọ̀. Mo fẹ́ràn ìkérora yẹn ju gbogbo orin inú rẹ̀ lọ.

Kò sì yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Àfikún sí géèmù àkọ́kọ́ ni Unknown Worlds, ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, fẹ́ fi Below Zero ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó dàgbà di géèmù tó dá dúró. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òkun àkọ́kọ́ wọn ọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ.

Etí Òkun dáhùn pé:

Mo gba ọ̀rọ̀ Ìjìnlẹ̀ lórí ìrísí òkun náà, ṣùgbọ́n mo rò pé ìdí kan wà tó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: òtútù.

Ẹ wò ó dáadáa. Bí Robin, ẹni tí a ń fi gbá Below Zero, bá gun orí yìnyín, ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, bí ìjì bá sì dé, ó lè kú kí ó tó rí ihò tí yóò kó sí. Kí ni ọ̀nà tó yá jù láti yè é? Kí ó bẹ́ sínú omi. Lábẹ́ omi òtútù kò ní agbára lórí rẹ̀ mọ́. Lójú ayé, òdìkejì èyí gan-an ni òtítọ́: omi tútù ń fa ooru kúrò lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí afẹ́fẹ́ tútù ṣe ń fà á, ẹni tó bá sì já sínú omi abẹ́ yìnyín láìwọ aṣọ tó yẹ kò ní pẹ́ rárá kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Mi ò fi èyí bú àwọn tó ṣe é. Bí wọ́n bá jẹ́ kí omi náà máa pa wá pẹ̀lú òtútù, ta ni yóò lè lúwẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún? Ohun tí wọ́n ní láti ṣe ni wọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nínú géèmù àkọ́kọ́, ilẹ̀ gbígbẹ ni ìsinmi, omi ni ewu. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé orí sókè lójú omi tí mo sì mí, inú mi a dùn pé mo tún là á já. Nínú èyí, ilẹ̀ ni ewu, omi sì di ilé tí mò ń sá padà sí. Ìgbà mélòó ni ẹ ti sáré láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹranko orí yìnyín bíi Snow Stalker tàbí Ice Worm, tí ẹ sì fi ayọ̀ bẹ́ sínú òkun? Ẹni tí òkun ti gbà là tó ìgbà mẹ́wàá, báwo ni òkun yóò tún ṣe dẹ́rù bà á? Ẹ tún fi àwọn ewéko ọ́síjìn kún un, èyí tó ń fún òmùwẹ̀ ní èémí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Òkun náà ń tọ́jú yín ni.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ara yín ló ti mọ́ ọn, ẹ̀yin Òmùwẹ̀ Òru. Àyè òkun nínú ìtàn ló yí padà.

Mo Ti Ń Bọ̀ Láti 2019 dáhùn pé:

Ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ tó ṣe é gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Mo wà níbẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta láìtíì parí, títí di oṣù karùn-ún ọdún 2021 tí wọ́n gbé èyí tó pé jáde, mo sì ti rí i ní oríṣi ìrísí. Ìtàn tí ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀ báyìí kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò yẹn, Sam, ẹ̀gbọ́n Robin, wà láàyè, ó wà ní ibùdó kan lójú òfuurufú, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ìtàn náà kọ, tó fi jẹ́ pé ikú Sam ni Robin wá ṣe ìwádìí rẹ̀.

Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ohùn ni ọ̀ràn náà wà fún mi. Ryley, ẹni tí a ń fi gbá géèmù àkọ́kọ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi parí. Èyí tó bá ń lọ lọ́kàn rẹ̀, tìrẹ tí o ń gbá a ni. Robin ń sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́ tí Al-An, ẹ̀dá àjèjì kan tí kò ní ara, fi wọ inú orí rẹ̀, tí àwọn méjèèjì wá ń jiyàn, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè nípa ikú, nípa ẹbí, nípa ohun tí ẹni tí kò ní ara ń jẹ́. Mo fẹ́ràn ìjíròrò wọn gidigidi, lójú tèmi òun ló dára jù nínú géèmù náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ń lé òkùnkùn sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tó ń gba ọ̀nà òru ṣe máa ń kọrin sókè. Ìdákẹ́jẹ́ tí a fi ń tẹ́tí sí igbe Reaper nínú ti àkọ́kọ́ kò sí níbí mọ́.

Ibi tí mo ti ta kò yín ni pé ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀rù kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ó wà, wákàtí 15 ni Òmùwẹ̀ Òru kò tíì fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù inú Below Zero jẹ́ ti ihò tóóró, kì í ṣe ti agbami gbalasa. Nígbà tí ẹ bá wọ Crystal Caves, níbi tí ọ̀nà ti ń yí po, tí òkúta pupa àti àlùkò ń tàn yí yín ká, tí Shadow Leviathan sì ń gba inú ihò kan náà kọjá, ẹ óò rí i pé ògiri tí Ìjìnlẹ̀ ní ó ń fi ọkàn balẹ̀ náà ni kò ní jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà sá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, mo ti gbàgbé ọ̀nà tí mo gbà wọlé, ọkọ̀ mi wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ mi sì ń tán lọ. Kò sí òkè tí mo lè sáré lọ bá. Orí ihò ni mo kàn.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ tẹ̀síwájú, kí ẹ sì yáa yọ díẹ̀ nínú ìrọ̀rùn tí ẹ ti kó jọ. Ẹ fi gbogbo yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ nílé. Ẹ má gbé àgbá afẹ́fẹ́ kejì dání. Ẹ pa iná yàrá tí ẹ jókòó sí, kí ẹ sì fi gbohùngbohùn sétí, nítorí àwọn tó ṣe ìró inú ihò wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ kára. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ ẹ̀rù ju ìtàn lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Hardcore nígbà tí ẹ bá parí èyí, níbi tí ẹ̀mí kan ṣoṣo ti wà fún yín, tó sì jẹ́ pé ikú kan ni yóò pa gbogbo iṣẹ́ yín rẹ́.

Ìjìnlẹ̀ dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ti ihò. Mo ti gbàgbé bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe lọ́ pọ̀ tó, mo sì yí ọ̀rọ̀ mi padà níbi ẹ̀rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi jíjìn.

Ọ̀rọ̀ ohùn tí ẹ sọ náà ló ń kó ìdààmú bá mi lórí Subnautica 2. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 2024, wọ́n ní èèyàn mẹ́rin lè jọ gbá a pọ̀. Inú mi dùn pé mo lè mú ọ̀rẹ́ dání, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń ṣàníyàn. Bí ohùn Al-An nìkan bá lè lé òkùnkùn sẹ́yìn, kí ni ohùn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yóò ṣe? Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé èèyàn ṣì lè dá a gbá. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni èmi yóò gbà wọlé ní tèmi.

Òmùwẹ̀ Òru dáhùn pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Etí Òkun nípa òtútù là mí lójú, nítorí pé lálẹ́ àná gan-an ni mo sá fún ìjì, tí mo bẹ́ sínú omi, tí mo sì rẹ́rìn-ín pé mo ti délé. N kò mọ̀ pé ohun tó gba ẹ̀rù lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Mo ti tú àwọn yàrá Seatruck sílẹ̀ sí ẹ̀bá ilé mi. Mo fi orí ọkọ̀ nìkan lọ, mo pa iná yàrá mi bí ẹ ti wí, mo sì ń sọ̀kalẹ̀ gba inú ihò tí mi ò tíì wọ̀ rí. Ìró kan wá láti abẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe igbe Reaper, ó gùn jù ú lọ, ó sì dún láti inú òkúta fúnra rẹ̀. Mo ti dá ọkọ̀ dúró, iná rẹ̀ ti kú. Mo ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀, mi ò sì tíì lè tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀kalẹ̀.